Ohun Tí Káàdì Inú Gíláàsì Kò Sọ

Bí àwọn ọmọ ilé ìwé bá dé ẹnu ọ̀nà mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Oníkan, l'Ékòó, ohun kan náà ni wọ́n sábà máa ń béèrè: mọ́tò dà? Mọ́tò tí wọ́n ń wí ni Mercedes-Benz dúdú tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba nígbà náà, wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13, oṣù kejì, ọdún 1976, nígbà tí àwọn sójà tó fẹ́ gbàjọba ká a mọ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìkòyí, tí wọ́n sì rọ̀jò ọta lé e lórí. Murtala kú, ADC rẹ̀ Akíntúndé Akínṣẹ̀hìnwá kú, awakọ̀ wọn náà kú. Ihò ọta ṣì wà lára irin mọ́tò yẹn. Kò sí ọmọ Èkó tó nílò káàdì kó tó mọ ìtàn rẹ̀. Bàbá ló sọ ọ́ fún ọmọ, tí ọmọ sọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, títí dé orí pé ọkùnrin náà kì í kó ẹ̀ṣọ́ rẹpẹtẹ káàkiri.

Ṣùgbọ́n ẹ fi mọ́tò sílẹ̀, ẹ lọ síwájú àwọn àpótí gíláàsì. Ibẹ̀ dákẹ́. Orí idẹ wà níbẹ̀, ère amọ̀ sísun wà níbẹ̀, eyín erin tí wọ́n fín wà níbẹ̀. Irú káàdì tí wọ́n máa ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kì í gùn: orí ọba, idẹ, Ìbìní, ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ó parí. Ẹni tó kà á yóò mọ ibi tí wọ́n ti ṣe nǹkan náà, yóò sì mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ohun tí kò ní mọ̀ ni bó ṣe dé Oníkan. Ṣé ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá ni? Ta ló gbé e? Ta ló tà á, èló ló gbà, ta ló sì ń sunkún nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ? Ní tiwa o, apá ìtàn tí káàdì fò yìí gan-an ni ìtàn. Ọ̀nà tí nǹkan gbà dé ibi tó wà ló ń sọ ẹni tó ni ín, ẹni tó rò pé òun ni ín, àti ẹni tó yẹ kó tọ́jú rẹ̀ tí kò tọ́jú rẹ̀.

Kì í ṣe tiwa nìkan ló rí báyìí. Ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, yàrá ńlá kan wà tí ó kún fún òkúta màbù àwọn Gíríìkì, tí wọ́n yọ lára tẹ́ńpìlì Parthenon ní Áténì. Ìgbà tí Tọ́kì ń jọba lé Gíríìsì lórí ni Lord Elgin, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì, ní kí wọ́n máa fi ayùn gé wọn lára ògiri. Ọ̀kan nínú ọkọ̀ tó ń kó wọn lọ rì ní 1802, àwọn òmùwẹ̀ ló wọ inú òkun lọ fà wọ́n jáde. Ní 1816 Elgin, tí gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, tà wọ́n fún ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ní £35,000. Àwọn Gíríìkì ò yé béèrè wọn títí di bí a ti ń wí yìí. Nígbà tí wọ́n ṣí mùsíọ́ọ̀mù tuntun sí Áténì ní 2009, àwòkọ funfun ni wọ́n fi dí ojú ibi tí àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yẹ kó wà, kí àlejò lè fojú ara rẹ̀ rí àlàfo náà.

A mú ọ̀rọ̀ Gíríìsì wá torí pé Gíríìkì ti wọ ọ̀rọ̀ tiwa náà rí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè wọ́n. Ọmọ Jámánì kan, Leo Frobenius, ló sọ̀kalẹ̀ l'Ékòó ní 1910, ó gba Ìbàdàn kọjá sí Ilé-Ifẹ̀. Ó ti gbọ́ ìròyìn igbó Olókun, níbi tí àwọn ènìyàn ti máa ń wa ilẹ̀ kan ìlẹ̀kẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi orí idẹ kan hàn án, orí tó dé adé, tí ojú rẹ̀ tutù bí ẹni tó ń ronú, èyí tí gbogbo wa wá mọ̀ sí Orí Olókun. Frobenius san pọ́n-ùn mẹ́fà àti ìgò ọtí wiskí kan, ó ní òun ti rà á. Nígbà tí ẹjọ́ dé etí àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rán ajẹ́lẹ̀ kan lọ gbẹ́jọ́ náà, wọ́n sì gba orí yẹn padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lọ lọ́wọ́ òfo: àwọn ère amọ̀ Ifẹ̀ kan bá a dé Jámánì.

Ẹ gbọ́ ohun tó wá sọ. Ó ní ojú tí òun rí lára ère wọ̀nyí, ó tẹ́jú, ó dọ́gba, kò lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ aláwọ̀ dúdú. Ó ní àwọn Gíríìkì àtijọ́ ti sọ ìtàn ìlú kan tó ń jẹ́ Atlantis tí òkun gbé mì, pé ó dá òun lójú pé àwọn ará ibẹ̀ ló wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ Yorùbá, pé Olókun tí Ifẹ̀ ń bọ kì í ṣe ẹlòmíràn ju Poseidon, òrìṣà òkun àwọn Gíríìkì. Ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ náà ní Yúróòpù, wọ́n gbé e ní Amẹ́ríkà: Atlantis ti di rírí, ó wà ní Áfíríkà!

Bí wọ́n bá jí ọmọ ẹni gbé, ó burú. Bí ẹni tó jí i bá tún dúró láàárín ọjà tó ń pariwo pé ọmọ náà rẹwà jù, kò lè jẹ́ ọmọ àwọn wọ̀nyí, èwo la fẹ́ pe ìyẹn? Ohun tí Frobenius ṣe nìyẹn. Wọ́n gba orí idẹ padà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá tó gbé lọ kò padà kíákíá. Ó tó ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó fèsì. Ní 1938, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin Ọọ̀ni, bẹ̀rẹ̀ sí í hú orí idẹ jáde, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, gbogbo wọn bí ẹbí kan náà. Ẹni tó bá rí wọn pọ̀ tó báyẹn níbì kan náà kò lè máa wá Gíríìkì kiri mọ́.

Orí Olókun fúnra rẹ̀ ṣì ní wàhálà tirẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ní nǹkan bí 1949, wọ́n ní àwòkọ ni, kì í ṣe èyí tí Frobenius rí. Bẹ́ẹ̀ ni àròyé bẹ̀rẹ̀: ojúlówó dà? Àròyé yìí le débi pé ní àwọn ọdún 1970, Wọlé Ṣóyínká tọpa rẹ̀ dé Bahia ní Brazil, ó sì ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ bí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe gbé orí kan jáde nínú ilé tí wọ́n ti gbà wọ́n lálejò, tí wọ́n fi bàlúù gbé e sá. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, àwòkọ lásán ni. Ní àwọn ọdún tó sún mọ́ wa yìí, àwọn onímọ̀ kan ti tún padà sí orí tó wà ní Ifẹ̀, wọ́n ní ó jọ pé òun gan-an ni ojúlówó tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ ò rí i bí nǹkan! Ọkùnrin ńlá bẹ́ẹ̀ rìnrìn àjò kọjá òkun lọ jí ohun tó ṣeé ṣe kó wà nílé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orí Wúnmọníjẹ̀ ló bí mùsíọ́ọ̀mù Oníkan. Bí ìròyìn wọn ti tàn ni oníbàárà dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, ra méjì, ó kó wọn lọ, ó sì dá wọn padà ní 1950. Ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ H. Maclear Bate, olóòtú ìwé ìròyìn Nigerian Daily Times níhìn-ín l'Ékòó. Òun ló wà ní British Museum láti 1939 títí di òní. Kenneth Murray, Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti wá kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà láti 1927, olùkọ́ Ben Enwonwu, kò lè gbé e mì. Ó ń kọ̀wé sí ìjọba lemọ́lemọ́ pé bí ẹ bá jókòó bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò bọ́ọ́lẹ̀. Ní 1943 wọ́n fi í ṣe alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní 1953 òfin jáde tí ó de kíkó wọn jáde nílùú láìgba àṣẹ. Ní 1957 wọ́n ṣí ilé tó wà ní Oníkan.

Lọ́dún 1943 yẹn kan náà ni ti Jema'a ṣẹlẹ̀. Àwọn awakùsà tó ń wa tánganran ní àgbègbè Nok ló hú orí amọ̀ kan jáde. Akọ̀wé ibi iṣẹ́ náà gbé e relé, ó sì wò ó pé iṣẹ́ wà tó lè ṣe: ó gbé e kọ́ sórí igi láàárín oko iṣu rẹ̀ kó máa lé ẹyẹ. Odindi ọdún kan ni orí náà fi dúró nínú òjò àti oòrùn, tí kò jẹ́ kí ẹyẹ rímú mí, kí ọ̀gá ibi ìwakùsà tó rí i, tó rà á, tó sì gbé e lọ fi han Bernard Fagg ní Jos. Orí náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún! Òun ni wọ́n ń pè ní orí Jema'a, ó sì wà nínú àkójọ Oníkan. Ọ̀pọ̀ máa ń fi akọ̀wé yẹn rẹ́rìn-ín. Àwa kò rí ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ọkùnrin náà kò fọ́ ọ, kò tà á fún àjòjì, ó sì bá a wáṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ère tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó kàwé jù ú lọ kò rí ìtọ́jú tó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí èyí tó ká wa lára jù.

Gbogbo ayé ló mọ ti 1897. Ní oṣù kejì ọdún yẹn, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìbìní, wọ́n jó ìlú, wọ́n lé Ọba Ọvọnramwẹn lọ sí Kàlàbá, níbi tó kú sí ní 1914, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun ọ̀ṣọ́ ààfin lọ. Fún ará Ìsàlẹ̀ Èkó, Ìbìní kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Láti ọ̀dọ̀ Aṣípa ni wọ́n ti ń ka ìran ọba Èkó, ìtàn Aṣípa sì so mọ́ ààfin Ìbìní. Ó pẹ́ kí Èkó tó ṣíwọ́ fífi ìṣákọ́lẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. Nínú ohun tí wọ́n kó ni àwọn pátákó idẹ wà, tí wọ́n fi ń bo òpó ààfin, tí àwòrán ọba, jagunjagun àti ìjòyè wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ wọn bọ́ sí British Museum.

Méjì nínú pátákó wọ̀nyẹn ni a fẹ́ tọpa. Ọ̀kan jẹ́ àwòrán olórí ogun, èkejì jẹ́ ti ọmọ ààfin tí ipò rẹ̀ kéré. Láti Ìbìní ni wọ́n ti kó wọn dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1950, nígbà tí Nàìjíríà ń wá ohun tí yóò kó sínú mùsíọ́ọ̀mù tó fẹ́ dá sílẹ̀, British Museum ní òun ní púpọ̀ tó jọra, òun lè yọ̀ǹda díẹ̀. Wọ́n ta òmíràn nínú irú pátákó bẹ́ẹ̀ fún Nàìjíríà, wọ́n sì fi òmíràn ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ rò ó wò: ẹni tó kó ẹrù ẹni ní 1897 ló jókòó tó ń dá iye lé e ní 1950. Ṣùgbọ́n ó ṣáà padà, méjì tí à ń wí yìí náà sì bá wọn dé Èkó.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ìtàn parí sí. Kò parí. Ní 1991, pátákó méjèèjì fara hàn ní Metropolitan Museum ní New York, ẹ̀bùn láti ọwọ́ oníṣòwò iṣẹ́ ọnà kan tó ti rà wọ́n lọ́jà. Mùsíọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ ló wá sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀nà tí wọ́n gbà kúrò l'Ékòó kò yé òun. Nàìjíríà kò tà wọ́n, kò sì fi wọ́n tọrẹ. Ìwé àṣẹ kankan kò jáde lé wọn lórí. A jẹ́ pé ẹnìkan ló ṣílẹ̀kùn, ẹnìkan ló di ẹrù, ẹnìkan ló gbowó. Kò sí sójà Gẹ̀ẹ́sì ní Oníkan lọ́jọ́ yẹn. Ní oṣù kọkànlá 2021 ni New York fọwọ́ síwèé tí ó fi dá wọn padà fún Nàìjíríà, pẹ̀lú orí Ifẹ̀ kan. Ìgbà kejì nìyẹn tí pátákó wọ̀nyí padà wálé. A ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí kí wọ́n jí nǹkan gbé lẹ́ẹ̀mejì, kí olóhun sì kí i káàbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Káàdì wọn yóò sọ pé: pátákó, idẹ, Ìbìní.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà tí kì í ṣe olè rárá, tó sì fẹ́ẹ̀ le ju olè lọ. Ní oṣù kẹfà 1973, Ọ̀gágun Yakubu Gowon ń lọ kí Ọbabìnrin Elizabeth ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fẹ́ mú ẹ̀bùn dání, ìyẹn kò burú, a kì í lọ sílé ọba lọ́wọ́ òfo. Ìròyìn tó jáde lẹ́yìn náà ni pé wọ́n ní kí wọ́n ṣe àwòkọ orí idẹ Ìbìní kan, pé ohun tí wọ́n ṣe kò tẹ́ Gowon lọ́rùn, ló bá kúkú mú ojúlówó nínú àkójọ Oníkan. Ekpo Eyo ni ọ̀gá mùsíọ́ọ̀mù nígbà náà, ṣùgbọ́n ta ni òṣìṣẹ́ ìjọba tí yóò sọ fún olórí ìjọba ológun pé rárá? Orí náà dé ààfin Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará ibẹ̀ sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé àwòkọ ni. Wọ́n rò bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ìgbà tí wọ́n kó ìṣúra ọbabìnrin jáde fún aráyé wò ní 2002 ni àwọn onímọ̀ tún un yẹ̀ wò, tí wọ́n rí i pé ojúlówó ni, iṣẹ́ nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún.

Àwọn kan máa ń gbè é lẹ́sẹ̀ pé ẹ̀bùn orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ni, pé ọlọ́lá ló ṣe é. A kò fara mọ́ ọn. Ohun tí olórí ìjọba fi tọrẹ kì í ṣe tirẹ̀, kì í ṣe ti ìjọba rẹ̀ náà. Ọba Ìbìní tó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, Akẹnzua Kejì, ọmọ ọmọ Ọvọnramwẹn ni, ó sì ti ń béèrè ẹrù bàbá rẹ̀ láti ìgbà tí Gowon wà ní kékeré. Kò tó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀bùn yẹn tí Nàìjíríà fi kọ̀wé sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà pé kí wọ́n yá wa ní ìbòjú eyín erin Idia, ìyá ọba, torí pé òun la fi ṣe àmì FESTAC, àjọ̀dún ńlá tí a ṣe l'Ékòó ní oṣù kìíní àti oṣù kejì 1977. Wọ́n ní kò lè rìnrìn àjò, ó ti gbó jù. A ní kí agbẹ́gilére Ìbìní gbẹ́ òmíràn. Òun la fi ṣe FESTAC.

Ní nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Jámánì kó ogún ohun Ìbìní wá ní oṣù kejìlá 2022. Ní 2023, Ààrẹ Buhari fi ìwé àṣẹ ìjọba sọ ọ́ pé Ọba Ìbìní ló ni ohun tí wọ́n bá kó padà, ohun tó bí àwọn kan nínú, tó sì dùn mọ́ àwọn mìíràn. Ní oṣù kẹfà 2025, àwọn Dọ́ọ̀ṣì dá 119 padà, ìyẹn tó pọ̀ jù lọ tí orílẹ̀-èdè kan dá padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àgbàlá mùsíọ́ọ̀mù Oníkan ni wọ́n sì ti ṣe ayẹyẹ rẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n gbé jáde níbẹ̀ fún àwọn ènìyàn láti wò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìtàn pátákó méjì yẹn yóò béèrè irú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fẹ́ fi tì wọ́n mọ́lé.

Láti Oníkan, bí ẹ bá gba Marina, tí ẹ kọjá Tinúbú, tí ẹ wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ ó dé ibi tí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò ní káàdì rárá, àmọ́ tí àwọn àgbà mọ ìtàn rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹ béèrè ọ̀pá Eléko lọ́wọ́ wọn.

Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹjọ, 1861, lábẹ́ ìbọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ síwèé tó sọ Èkó di ti Ọbabìnrin Victoria. Wọ́n ṣe owó ìfẹ̀yìntì fún un, wọ́n sì fún un ní ọ̀pá àṣẹ lórúkọ ọbabìnrin. Ọ̀pá ìtùnú ni, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́: a gba ilẹ̀ rẹ, gba igi yìí. Ọ̀pá náà wà ní Ìga Ìdúngánrán títí ó fi kan ọmọ Dòsùnmú, Èṣùgbàyí Eléko.

Ní 1920, Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Ìdéjọ tó ni ilẹ̀, ń gbé ẹjọ́ lọ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba ti gba ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ ní Àpápá, ilé ẹjọ́ ilé sì ti dá a lẹ́bi. Herbert Macaulay ló tẹ̀lé e lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Macaulay mú ọ̀pá Eléko dání. Ó gbé e káàkiri Lọ́ńdọ̀nù. Bí oníròyìn bá bi í pé ta ló rán an, yóò fi ọ̀pá hàn: ẹ wò ó, ọbabìnrin yín ló fún bàbá ọba wa, ọba wa ló sì fi lé mi lọ́wọ́. Igi tí wọ́n fi tu Dòsùnmú nínú wá di ẹlẹ́rìí lòdì sí àwọn tó gbé e kalẹ̀.

Inú bí ìjọba Èkó gidigidi. Wọ́n ní kí Eléko rán alágogo yí ìlú ká, kó kéde pé òun kò rán Macaulay níṣẹ́. Eléko kò rán alágogo. Ní oṣù kejìlá 1920, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n lọ́ba mọ́, wọ́n dá owó rẹ̀ dúró. Ní oṣù keje 1921, Privy Council dá Olúwa láre: ilẹ̀ tí ẹbí ní, ẹbí ló ni ín, ìwé 1861 kò gbà á lọ́wọ́ wọn. £22,500 ni wọ́n san fún wọn. Eléko ló jẹ ìyà rẹ̀. Ní 1925 wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́, ẹjọ́ rẹ̀ náà sì gba Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó jẹ́ kó padà sílé ní 1931. Ọdún kejì ló wàjà.

Bí ọ̀pá bẹ́ẹ̀ bá wà nínú gíláàsì, ẹ ti mọ ohun tí káàdì rẹ̀ yóò sọ. Ọ̀pá àṣẹ, Èkó, ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àlejò yóò wò ó fún ìṣẹ́jú kan, yóò kọjá lọ wo mọ́tò. Ṣùgbọ́n ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìtàn ọ̀pá yẹn wà lẹ́nu bí ti mọ́tò Murtala ṣe wà, torí pé nínú ilé ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwọn ilé fúnra wọn fi ń bà wá lẹ́rù.

Nítorí ilé ni àpótí tí gbogbo rẹ̀ wà. Ojú pálọ̀ ni fọ́tò bàbá ńlá wà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àpótí tí wọ́n kó ìwé ilẹ̀ sí wà, ìyá àgbà tó mọ ẹni tó wà nínú fọ́tò sì wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ọjọ́ tí ilé bá wó, gbogbo wọn fọ́nká. Ilé Ilojo Bar ní ojúde Tinúbú, láàárín ọdún 1850 sí 1860 ni ẹbí Fernandez, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, kọ́ ọ. Fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, nǹkan òkè òkun tí ọwọ́ bíríkìlà Èkó sọ di tiwa. Ẹbí Ọlaiya rà á ní 1933. Ní 1956, ọdún kan kí mùsíọ́ọ̀mù tó ṣí, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹgbẹ́ Legacy pariwo títí pé kí wọ́n tún un ṣe. Ó gbó, ó ya, ẹbí ń sọ pé kò ní pẹ́ wó pa ènìyàn, ìjọba ń sọ pé ohun ìrántí ni, owó àtúnṣe kò sì ti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni wá. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, 2016, katapílà dé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́, ó ti di yẹ̀pẹ̀.

Kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ní Leiden, kò sí ibi tí Nàìjíríà lè kọ̀wé sí láti béèrè rẹ̀. Àwọn ilé Àgùdà mìíràn ṣì dúró ní Campos àti ní Bámgbóṣé, àwọn ìga ìjòyè ṣì wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, òmíràn nínú wọn ti ya lára ògiri, àwọn onílé-gogoro sì ti ń wá bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀ owó.